Ìyàwó Ilé Ń Wá Orírun Ọkọ Rẹ̀

Bàbá ọkọ mi gbà títí dòní pé òṣìṣẹ́ kan ní Ellis Island, erékùṣù New York tí wọ́n ti ń yẹ àlejò wò kí wọ́n tó wọ Amẹ́ríkà, ló gé orúkọ ìdílé wọn kúrú. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, ojú wọn á máa dán. Òṣìṣẹ́ kan jókòó sẹ́yìn tábìlì gíga, bàbá tó bí bàbá wọn dá orúkọ gígùn kan, ahọ́n òṣìṣẹ́ náà kò lè gbé e, ó bá kọ ìdajì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí èrò tó kàn máa bọ̀. Ìdajì tó kù yẹn ni èmi náà ń jẹ́ lórí láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ mi. Ó yẹ kí n mọ ẹni tó gé e.

Irọ́ ni ìtàn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú àna mi. Àwọn òṣìṣẹ́ Ellis Island kì í fún ẹnikẹ́ni lórúkọ. Ìwé orúkọ èrò ti wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, nítorí pé akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ló ń kọ ọ́ ní èbúté tí èrò ti wọ ọkọ̀, ní Bremen, Hamburg tàbí Liverpool. Ohun tí òṣìṣẹ́ New York ń ṣe ni kó pe orúkọ tó bá níwájú rẹ̀, kó bi onítọ̀hún ní ìbéèrè, kó sì máa fàlà sí i. Ògbufọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Fiorello La Guardia tó padà di olórí ìlú New York ṣe ògbufọ̀ ní erékùṣù yẹn láti 1907 sí 1910. Gbogbo ìdílé òyìnbó tí mo bá pàdé ló ní ìtàn orúkọ gígé yìí, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Màámi ló fà mí wọnú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé òyìnbó ni mo máa fẹ́, wọn ò bá mi jà. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, “Ọmọ ta ni? Ọmọ ibo ni? Bó bá ṣe ohun tó wú ọ lórí, kí lo máa fi kì í?” Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó ilé ló sábà ń mọ oríkì ilé ọkọ ju àwọn ọmọ bíbí inú ilé lọ. Mo bi ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín. Mo bi bàbá rẹ̀, wọ́n lọ gbé àpótí bàtà kan wá láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwé ẹ̀rí ikú kan wà nínú rẹ̀, káàdì ìsìnkú, ìwé àdúrà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, àti fọ́tò ọkùnrin onírunmú kan tó di fìlà rẹ̀ mú sáyà.

Bàbá Àgbà ni mo ń pe ọkùnrin yẹn. N kò ní kọ orúkọ ìdílé náà síbí, torí àwọn tó ń jẹ́ ẹ ṣì wà láyé. Ẹ ṣáà mọ̀ pé W ló fi bẹ̀rẹ̀, “wski” ló sì parí sí kó tó di gígé. Wojciech ni orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún wọn, ṣùgbọ́n Albert ni àwọn ará Chicago ń pè wọ́n. Ẹni tó bá ń wá ará Póláǹdì nínú ìwé Amẹ́ríkà níláti mọ̀ pé Wojciech àti Albert lè jẹ́ ẹnì kan náà.

Ìwé ẹ̀rí ikú náà ní wọ́n kú ní 1951, wọ́n bí wọn ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1885, ní “Poland”. Ó tán. Ẹ má fọkàn tán ìwé ikú jù. Òkú kọ́ ló ń dáhùn ìbéèrè inú rẹ̀, ọmọ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni.

Mo bá kọjú sí ìwé ìkànìyàn. Ìjọba Amẹ́ríkà máa ń pa á mọ́ fún ọdún 72 kí ará ìlú tó lè rí i. Ti 1950 ló jáde kẹ́yìn, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2022, ìkànnì FamilySearch sì jẹ́ kí èèyàn wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá, mo ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí mo fi dé 1910. Bàbá Àgbà wà nínú gbogbo rẹ̀, àmọ́ ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìwé 1910 ní ọdún 1907 ni wọ́n dé, ti 1920 ní 1906, ti 1930 ní 1908. Rọ́ṣíà ni ilẹ̀ ìbí wọn ní 1910, ó di Póláǹdì ní 1930.

Ti ilẹ̀ ìbí kò ṣòro. Láti 1795 títí di 1918, kò sí orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Póláǹdì lórí máàpù. Rọ́ṣíà, Prussia àti Ọ́stríà ti pín in láàárín ara wọn. Ará Póláǹdì tó bá dé Amẹ́ríkà ní 1907 lè jẹ́ ará Rọ́ṣíà, ará Jámánì tàbí ará Ọ́stríà lórí ìwé, kó sì jẹ́ pé èdè kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ti ọdún ìdé ńkọ́? Akọ̀wé ìkànìyàn kì í ní kí wọ́n mú ìwé wá. Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn ló ń dáhùn, ì báà ṣe ìyàwó, ọmọ tàbí aládùúgbò.

Lẹ́tà méjìméjì kan nínú ìwé yẹn ló là mí lójú. Bí wọ́n bá kọ Al, àlejò ni ẹni náà. Bí wọ́n bá kọ Pa, ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé sítísìn. Bí wọ́n bá kọ Na, ó ti di sítísìn. Bàbá Àgbà jẹ́ Al ní 1910, Pa ní 1920, Na ní 1930. Èyí já sí pé láàárín 1920 sí 1930 ni wọ́n dúró níwájú adájọ́, ìwé kan sì níláti wà ní kóòtù kan.

Kí n tó débẹ̀, mo kọ́kọ́ rí káàdì ogun, ti Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, Amẹ́ríkà ní kí gbogbo ọkùnrin láti ẹni ọdún 18 sí 45 tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun wá ṣe bẹ́ẹ̀, àlejò àti onílé. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 24 ọkùnrin ló forúkọ sílẹ̀ ní ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ogun yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí babańlá rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn pé kó wá káàdì rẹ̀. Ti Bàbá Àgbà sọ pé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe awọ ni wọ́n wà, pé wọn ò ga wọn ò kúrú, pé ojú wọn ní àwọ̀ eérú. Ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kẹrin, kì í ṣe 11. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ wọn, lẹ́tà ńláńlá bíi ti ẹni tí kì í kọ̀wé lójoojúmọ́. Orúkọ náà pé. “Wski” wà nídìí rẹ̀, ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn tí wọ́n ti kọjá ní Ellis Island.

Mo gbé e lọ han bàbá ọkọ mi. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní bóyá àṣà ìkọ̀wé àtijọ́ ni.

Ìwé sítísìn ni ẹni tó ń wá babańlá tó wọ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ dé bó bá lè dé e. Ṣáájú ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1906, kóòtù kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe bó ṣe wù ú. Ìwé àwọn mìíràn kò ju orúkọ àti orílẹ̀-èdè lọ. Láti ọjọ́ yẹn, fọ́ọ̀mù kan náà ni gbogbo kóòtù ń lò, ó sì ń béèrè abúlé tí wọ́n ti bí ọ, ọjọ́ ìbí, ọkọ̀ tó gbé ọ wá, èbúté, ọjọ́ tó gúnlẹ̀, orúkọ ìyàwó àti tọmọ. Ẹni tó bá sì dé lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún yẹn gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìdé, tí akọ̀wé ìjọba ti yẹ̀ wò lára ìwé orúkọ èrò. Bàbá Àgbà bọ́ sí àsìkò tó dára.

Àmọ́ n kò rí wọn nínú atọ́ka. Káàdì atọ́ka ìwé sítísìn agbègbè Chicago, tó kó ọdún 1840 sí 1950 já, wà létòlétò Soundex, ètò kan tó ń fi ìró orúkọ ṣe nọ́ńbà kí ìyàtọ̀ sípẹ́lì má baà ṣèdíwọ́. Robert Russell ló gba ìwé àṣẹ fún un ní 1918. Ó dára fún orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í fọwọ́ kan lẹ́tà àkọ́kọ́. Ará Póláǹdì máa ń pe W bí ẹni pe V, akọ̀wé Amẹ́ríkà tó bá ń fetí kọ̀wé á sì kọ V, Soundex á wá gbé V sí ẹ̀gbẹ́ kan, á gbé W sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọn ò sì ní fojú kan ara wọn láéláé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe ti Daitch àti Mokotoff ní 1985 fún orúkọ ìlà-oòrùn Yúróòpù, tó ka V àti W sí ọ̀kan náà. Lábẹ́ V ni Bàbá Àgbà wà.

Ìwé tí wọ́n fi bẹ̀bẹ̀ láti di sítísìn jẹ́ ti 1921. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ kóòtù pé kí ó yí orúkọ àwọn padà, òfin 1906 sì fún adájọ́ lágbára láti ṣe é lọ́jọ́ kan náà. Orúkọ kúkúrú tí mo ń jẹ́ yìí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bàbá Àgbà fúnra wọn ló gé e. Èrò tèmi ni pé ìgbà yẹn ló fà á. Oṣù karùn-ún 1921 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin tó fi ìdíwọ̀n sí iye àlejò tó lè wọlé láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ará Póláǹdì àti ará Ítálì sì wà lára àwọn tí òfin náà fojú sùn. Kò sí olórí ìdílé tí kò ní fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ rọrùn lẹ́nu ọ̀gá ibi iṣẹ́ lásìkò bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó wọn kò ní ìwé tirẹ̀ o. Títí di oṣù kẹsàn-án 1922, bí ọkọ bá ti di sítísìn, ìyàwó náà ti dà á nìyẹn, láìfọwọ́ sí ìwé kankan. Ẹ wo bí òfin ṣe mú obìnrin kúrò nínú àkọsílẹ̀.

Ọkọ̀ tó gbé Bàbá Àgbà wá ni Main, ti ilé-iṣẹ́ Norddeutscher Lloyd, láti Bremen, ó sì gúnlẹ̀ ní New York ní oṣù kọkànlá ọdún 1907. Ọkọ̀ yìí ti jóná rí ní èbúté Hoboken ní 1900 kí wọ́n tó tún un ṣe, ẹ̀yìn èyí ló tún ń gbé èèyàn. Bí ẹ bá fẹ́ wá ìwé tí wọ́n kọ nígbà tí èrò ń kúrò ní Yúróòpù, ẹ gbàdúrà kí ó jẹ́ Hamburg ni. Ìwé Hamburg láti 1850 sí 1934 ṣì wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ti Bremen ti parẹ́. Wọ́n ń da àwọn kan nù torí àyè ò sí, ogun sì run ìyókù. Ìwé tó bá ọkọ̀ dé Amẹ́ríkà nìkan ló kù fún mi.

1907 ni ọdún tí èrò pọ̀ jù ní Ellis Island, ó lé ní mílíọ̀nù kan. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin nìkan, 11,747 ni wọ́n gbà wọlé. Ìwé orúkọ èrò ọdún yẹn fẹ̀ débi pé ojú ìwé méjì ni èèyàn kọ̀ọ̀kan gbà, òsì àti ọ̀tún, ìbéèrè 29. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ojú ìwé kejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo ti òsì, wọ́n á ní àwọn ti parí, ọ̀tún sì ni adùn wà: ta lo ń lọ bá, ta ló san owó ọkọ̀ rẹ, èló ló wà lọ́wọ́ rẹ, ṣé o ti ṣẹ̀wọ̀n rí, ṣé o gbà pé kò yẹ kí ìjọba kankan wà láyé, ṣé oníyàwó púpọ̀ ni ọ́. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Bàbá tó bí bàbá tèmi ì bá ti padà sílé láti ẹnu ibodè, pẹ̀lú ìyàwó mẹ́ta.

Bàbá Àgbà ní dọ́là mẹ́sàn-án lọ́wọ́. Àna wọn ló san owó ọkọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Chicago ni wọ́n sì ń lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn lápá òsì, ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ X. Bí ẹ bá rí X yẹn, ẹ máa ṣí ìwé lọ títí dé òpin ti ọkọ̀ náà, ẹ ó bá ìwé àwọn tí wọ́n dá dúró. Bàbá Àgbà wà níbẹ̀. Ìdí tí wọ́n kọ ni pé wọ́n ń tẹ wáyà fún owó, nítorí dọ́là mẹ́sàn-án kò lè gbé wọn dé Chicago. Nínú ìwé yìí kan náà ni wọ́n ń ka oúnjẹ tí ẹni kọ̀ọ̀kan jẹ síbẹ̀, òwúrọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Bàbá Àgbà jẹun kí àna wọn tó dáhùn. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni wọ́n, wọ́n jókòó sí gbọ̀ngàn kan létí omi, wọ́n ń retí owó. Bàbá ọkọ mi ò gbọ́ èyí rí. Wọ́n ní bàbá bàbá àwọn ò jẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi kú, wọ́n sì sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó ní, “Bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn.”

Abúlé tó wà nínú ìwé kóòtù ni “Dombrowo, Lomza, Russia”. Łomża jẹ́ ìpínlẹ̀ lábẹ́ Rọ́ṣíà nígbà yẹn. Dąbrowa ni akọ̀wé ń gbìyànjú láti kọ, Dąbrowa sì pọ̀ ní Póláǹdì. Lágbègbè Szepietowo nìkan, ẹ ó rí Dąbrowa-Wilki, Dąbrowa-Łazy, Dąbrowa-Moczydły, Dąbrowa-Gogole, Dąbrowa-Tworki, gbogbo wọn ò sì jìnnà síra wọn. Ìwé atúmọ̀ ìlú kan wà tí wọ́n tẹ̀ láàárín 1880 sí 1902, ìdìpọ̀ 15, Słownik Geograficzny ni orúkọ rẹ̀. Ó ń sọ ṣọ́ọ̀ṣì tí abúlé kọ̀ọ̀kan ń lọ. Àlùfáà ló ń kọ ìwé ìbí, nítorí náà ẹni tó bá ti mọ ṣọ́ọ̀ṣì ti mọ ibi tí ìwé wà. Geneteka, atọ́ka ọ̀fẹ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ onímọ̀ ìran ní Póláǹdì ń ṣe, ló bá mi mú orúkọ ìdílé náà nínú ọ̀kan lára àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn.

Láti 1868, èdè Rọ́ṣíà ni ìjọba ní kí wọ́n máa fi kọ ìwé ìbí lágbègbè náà. N kò gbọ́ Rọ́ṣíà. Àmọ́ ìwé náà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà ní gbogbo ìgbà, orúkọ àti nọ́ńbà nìkan ló ń yí, àlùfáà sì máa ń fi lẹ́tà Póláǹdì kọ orúkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Rọ́ṣíà. Lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù, tí oorun ò bá tíì gbé mi, mo máa ń tẹjú mọ́ lẹ́tà wọ̀nyẹn títí wọ́n fi di ojúlùmọ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: àgbẹ̀ kan, ẹni ọdún 31, gbé ọmọkùnrin kan wá síwájú àlùfáà ní ọjọ́ 14/26 oṣù kẹrin ọdún 1885, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì, ó ní ìyàwó òun ló bí i ní ọjọ́ 11/23. Wọ́n ka ìwé náà sí wọn létí, àlùfáà nìkan ló fọwọ́ sí i, nítorí pé àwọn tó kù ò mọ̀wé.

11/23! Rọ́ṣíà ṣì ń lo kàlẹ́ńdà Julius, tó fi ọjọ́ 12 kẹ́yìn ti wa ní ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, ó sì fi 13 kẹ́yìn láti 1900 lọ. Ìwé ikú mú ọjọ́ ti Rọ́ṣíà, káàdì ogun mú tiwa. Bàbá ọkọ mi àti àbúrò wọn obìnrin ti ń jiyàn lórí ọjọ́ ìbí yìí tipẹ́, kálukú pẹ̀lú ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì jàre. Ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ni ọjọ́ Ẹni Mímọ́ Wojciech ní ìjọ Kátólíìkì. Ọjọ́ tó bá ọmọ nílé ayé ló fún un lórúkọ, ẹ ò rí i pé àwọn náà ń bí Abíọ́dún.

Mo ti wá ní ohun tí mo lè sọ fún Màámi: orúkọ bàbá Bàbá Àgbà, orúkọ ìyá, ilé tí ìyá ti wá, iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ ránṣẹ́, wọ́n sì ti ń fi ohùn gbé e lórí fóònù. Orúkọ Póláǹdì nínú ohùn Màámi, ẹ má wulẹ̀ bi mí léèrè.

Ohun kan ṣì kù tí n kò lè gbé kúrò lọ́kàn. Ìwé ìkànìyàn 1900 àti 1910 máa ń bi obìnrin ní ìbéèrè méjì tí wọ́n yọ kúrò ní 1920: ọmọ mélòó lo bí, mélòó ló wà láyé. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1910, níwájú orúkọ ìyàwó Bàbá Àgbà, akọ̀wé kọ 1, ó tún kọ 0. Àkọ́bí ni gbogbo ìdílé ń pe bàbá bàbá ọkọ mi, tí wọ́n bí ní 1914. Mo padà sínú ìwé orúkọ èrò, mo sì rí obìnrin náà lábẹ́ V, ó dé ní oṣù keje ọdún 1909 pẹ̀lú ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́fà. Ẹ ṣírò ó: oyún ni Bàbá Àgbà fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ wọ ọkọ̀ ní Bremen. New York ni ọmọ náà gbà wọlé, kò sì pé ọdún kan tó fi kú. Mo sọ fún bàbá ọkọ mi. Wọ́n béèrè orúkọ ọmọ náà, mo sọ ọ́, wọ́n ní orúkọ ìyá àwọn àgbà ni. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò onírunmú yẹn.

Ìwé ikú agbègbè Chicago wà láti ìgbà tí iná ńlá 1871 ti jó èyí tó ṣáájú, àmọ́ n kò tíì bá a pàdé níbẹ̀. Itẹ́ òkú St. Adalbert ní Niles, tí àwọn ará Póláǹdì ti ń sin òkú láti 1872, ni Bàbá Àgbà wà, ọ̀pọ̀ ọmọdé tí ò ní òkúta lórí sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì wọn pé kí wọ́n bá mi wo oṣù keje 1909 sí oṣù kẹrin 1910, lábẹ́ W àti lábẹ́ V.